Igi Tí A Kò Fi Kọ́lé

Adájọ́ káábà kì í wo ibi tí igi já sí. Ẹ̀yìn ẹni tó gbé igi ló ń dúró sí. Bí ìyẹn bá sáré, òun náà a sáré tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ kò sì ní kúrò lára igi. Ìtì igi gbọọrọ ni káábà yìí, wọ́n ti gé gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ dànù, orí kan sì tín-ín-rín ju ìkejì lọ. Èyí tó lókìkí jù lọ, ti ìlú Braemar lókè Scotland, gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 19 àti íǹṣì 9, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ pọ́n-ùn 132, bíi 60 kílò. Wọn a gbé e nàró fún alágbára náà, orí tó tóbi lókè, èyí tó tín-ín-rín nísàlẹ̀. Yóò lóṣòó, yóò fi èjìká gba igi dúró, yóò ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ rẹ̀, yóò dìde. Yóò sáré, yóò dúró gbọn-in, yóò sì fi gbogbo ara jù ú sókè, kí orí tó tóbi lè délẹ̀, kí ìdí tín-ín-rín fò kọjá lókè, kó ṣubú síwájú. Bó bá ṣubú síwájú tààrà, bí ọwọ́ aago méjìlá, ó pé. Bó bá yà díẹ̀ sọ́tùn-ún, aago kan ni. Bó bá yà sósì, aago mọ́kànlá. Bó jìnnà, bí kò jìnnà, kò kan ẹnikẹ́ni.

Bàbá kan tí mò ń tọ́jú ní gúúsù Manchester ló kọ́ mi. N kò lè dárúkọ rẹ̀, òfin iṣẹ́ kẹ́à kò gbà á. Ọmọ ìhà Aberdeen ni, ó sì fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ju òòlù àti òkúta káàkiri àwọn pápá tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje Highland, eré àwọn alágbára Scotland tí káábà wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ti kọ iṣẹ́, ẹnu kò kọ̀. Ó ń pè mí ní “lassie”, bí ẹni ń pe ọmọdébìnrin, èmi tí ọmọ mi ti ń gba owó oṣù. Èmi ń fi Mister síwájú orúkọ ìdílé rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, Bàbá ni mò ń pè é. Nígbà tó gbọ́ pé mo ju shot put nílé ìwé girama ní Èjìgbò, ó di pé bí mo bá ti wọlé pẹ̀lú oògùn àárọ̀, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tíì a máa tutù níwájú rẹ̀.

Ó sọ fún mi nípa irin tó jẹ́ pọ́n-ùn 56, tó lé díẹ̀ ní kílò 25, tó ní òrùka tí wọ́n ń dì mú. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń sọ ọ́ kọjá ọ̀pá tí wọ́n gbé dábùú sókè orí, ẹni tó ń sọ ọ́ a sì kẹ́yìn sí ọ̀pá. Bí irin bá fẹ́ padà já lù ú, kó yáa yẹra. Ti òòlù, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan títí òòlù yóò fi kúrò lọ́wọ́. Bàtà tó ní irin ṣóńṣó níwájú ni wọ́n ń wọ̀, wọn a gún un mọ́lẹ̀ kí òòlù má bàa wọ́ wọn lọ. Òkúta Braemar, ìdúró ni wọ́n ń ti jù ú, kò sí pé èèyàn ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn.

Mo bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí wọn kò fi lo ọwọ́ méjèèjì fún irin yẹn?”

Ó ní, “Ọwọ́ kan ni, lassie.”

Mo tún béèrè. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ gòkè díẹ̀.

Mo mọ ìdáhùn yẹn látilé. Ìdílé Òrìṣà Ògìyán, tí í ṣe Ọbàtálá ti Èjìgbò, ni ìyá ìyá mi ti wá, kí Ìsìláàmù tó wọlé wa. Ẹmu kò gbọdọ̀ dé ibi Ọbàtálá, iyọ̀ kò gbọdọ̀ sí nínú oúnjẹ rẹ̀. Ti ẹmu, ìtàn wà fún un: òrìṣà mu ún yó lọ́jọ́ tó ń mọ èèyàn, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣì. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ìyá àgbà, kì í tilẹ̀ sọ ìtàn. “Wọn kì í ṣe é” ni gbogbo àlàyé. Ǹjẹ́ òfin tí olùpamọ́ rẹ̀ kò lè sọ ìdí rẹ̀, tàbí tí kò fẹ́ sọ ọ́, lè de èèyàn? Bó bá sì dè é, kí ló fi dè é?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti eré lójú mi. Mùsùlùmí ni mí. Lọ́dún 2016, ààwẹ̀ Ràmàdáánì bọ́ sí oṣù kẹfà, oòrùn Manchester kì í sì í wọ̀ lóṣù yẹn kó tó di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́. Ẹni tó jẹ sààrì lóru, kò ní fi omi kan ẹnu mọ́ títí di ìgbà náà, yóò sì máa gbé arúgbó dìde lórí ibùsùn, yóò máa po tíì fún wọn, yóò máa fi bọ́tà pa búrẹ́dì tí kò ní tọ́ wò. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ a bi mí pé, “Omi lásán náà ńkọ́?” Omi lásán náà. “Kí ló wà fún?”

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ní ìdáhùn nílẹ̀: ó ń fún ikùn nísinmi, ó ń dín ọ̀rá kù. Mo ti jókòó síbi wáàsí tí àfáà fi ìdajì rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìtọ̀ ṣúgà. N kò fẹ́ràn ìdáhùn yìí rárá. Bó bá jẹ́ nítorí ikùn ni, ọjọ́ tí àwọn dókítà bá rí oògùn tó sàn jù ú ni ààwẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó ń fi ìlera gbèjà ààwẹ̀ ti gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí kóòtù tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì lè pàdánù níbẹ̀. Àlùkùránì fúnra rẹ̀ sọ ohun tí a retí pé kí ààwẹ̀ so nínú wa, ìpáyà Ọlọ́hun, ó sì wà nínú Sura Bakara fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ìyẹn kò sọ ìdí tó fi jẹ́ láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di ìwọ̀ oòrùn, tí kò fi jẹ́ láti ọ̀sán títí di ọ̀gànjọ́.

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa káábà náà ní irú àfáà yẹn láàárín wọn. Wọ́n ní àwọn ará òkè Scotland ló ń ju ìtì igi sórí odò láti fi ṣe afárá, ibẹ̀ ni eré náà ti ṣẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Òkúta méjì tún wà ní ẹ̀bá afárá Potarch ní Scotland, tí àwọn méjèèjì pa pọ̀ wọn pọ́n-ùn 733, tí òrùka irin wà lórí wọn; a gbọ́ pé iṣẹ́ àtúnṣe afárá ni wọ́n kọ́kọ́ lò wọ́n fún. Donald Dinnie, alágbára kan tí bàbá náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ jẹun lánàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1916 ló kú, gbé méjèèjì sọdá ìbú afárá náà lọ́dún 1860. Láti ìgbà náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àwọn òkúta náà, kò sì sẹ́ni tó ń fi wọ́n tún afárá ṣe mọ́. Ẹ jẹ́ ká gbà pé iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Iṣẹ́ náà ti lọ, òfin kù. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ló ń gbé òfin ró, ó yẹ kí wọ́n jọ lọ ni.

Ìmáàmù Ghazali, tó di olóògbé lọ́dún 1111, yanjú ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀nà tó le. Nínú ìwé ńlá rẹ̀, Ihya, nígbà tó kan Hájì, ó ní ọgbọ́n orí lè mọ ìdí tí a fi ń yọ sàká: àánú tálákà ni. Ó lè mọ ti ààwẹ̀: ó ń ṣẹ́gun ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara. Ó lè mọ ti rùkúù àti ìforíkanlẹ̀: ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lílọ àti bíbọ̀ láàárín òkè Safa àti Marwa, àti sísọ òkò ní Mina, ọgbọ́n orí kò rí ibi kankan dì mú níbẹ̀, ọkàn kò sì rí adùn kankan fà mu. Nítorí náà, ibẹ̀ gan-an ni ẹrú ti ń hàn pé ẹrú lòun. Bẹ́ẹ̀ náà ni Umar dúró níwájú òkúta dúdú ara Kaaba, tó sọ pé òun mọ̀ pé òkúta lásán ni, kò lè ṣeni lóore, kò lè ṣeni níbi. Bí kì í bá ṣe pé òun rí Ànábì tó fẹnu kò ó, òun kò ní fẹnu kò ó.

Nígbà tí mo lọ sí Hájì, mo ṣa òkò mi ní Muzdalifa, wẹ́wẹ́ bí hóró ẹ̀wà, méje fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn òpó tí a ń sọ ọ́ lù ní Mina. Mo ròyìn rẹ̀ fún bàbá náà, nítorí mo rò pé ẹni tó ju òkúta dàgbà yóò fẹ́ gbọ́ nípa òkúta. Ó bi mí pé ta ló ń gba ipò kìíní. Mo ní kò sẹ́ni tó ń gbà á. Ó ronú sí i, ó ní ó kéré tán, ó yẹ kí wọ́n máa wọn ibi tó já sí. Mo rán an létí káábà, pé òun ló sọ fún mi pé wọn kì í wọ̀n ọ́n. Inú rẹ̀ dùn sí èsì yẹn débi pé ó mu tíì rẹ̀.

Ghazali ka ààwẹ̀ mọ́ àwọn tí ọgbọ́n lè mọ ìdí wọn. Níbẹ̀, èmi àti òun kò fohùn ṣọ̀kan, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Ìgbọràn nìkan kò sì tó mi. Ẹrú lè gbọ́ràn sí òfin tó wù kó jẹ́, òfin ìkà náà wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo rí lára irin ọwọ́ kan yẹn yàtọ̀: òfin náà kò wá láti ìta láti wá ká ohun kan tó ti wà nílẹ̀ lọ́wọ́ kò. Òun ló dá ohun náà. Kí wọ́n tó ní “ọwọ́ kan”, kò sí ìdíje kankan tí ọwọ́ kan ń ba jẹ́. Irin kan wà, ọkùnrin kan wà, kò sì sí ìdí tí wọ́n fi ní láti pàdé. Nílé ní Èjìgbò, nígbà ọdún Ògìyán, àwọn ará àdúgbò Òkè Màpó àti ti Ìṣàlẹ̀ Ọ̀sọlọ̀ a máa fi àtòrì na ara wọn ní gbangba. Ẹni tí àtòrì là lẹ́yìn kì í gba tẹ́ṣàn lọ. Bí wọ́n bá yọ òfin ọjọ́ náà kúrò, ohun tó kù ni pé àwọn géńdé kan ń lu ara wọn, ọlọ́pàá ló sì kàn. Yọ àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìwọ̀ oòrùn kúrò nínú ààwẹ̀, ohun tó kù ni obìnrin kan tí ebi ń pa ní Manchester. Nítorí náà, ẹni tó bi mí pé kí ló dé tí n kò lè mu omi díẹ̀ kí n sì gbààwẹ̀, ohun mìíràn ló ń bi mí léèrè, kò mọ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti léwu nìyí o, nítorí gbogbo ẹni tó ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọnìkejì rẹ̀ ló mọ bí a ṣe ń sọ pé “wọn kì í ṣe é”.

Nílé ìwé wa, ọmọkùnrin nìkan ló ń ju òòlù. Kì í ṣe Èjìgbò nìkan: ọdún 2000 ni Òlíńpíìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òòlù láyè fún obìnrin. Lọ́dún 2002, nígbà tí Manchester gbàlejò ìdíje Commonwealth, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn obìnrin máa gbé irin nínú ìdíje náà. Mo wà ní ìlú yìí nígbà náà, ara mi ṣì ya gágá. Pápá tuntun tí wọ́n kọ́ síhà ìlà-oòrùn ìlú, èyí tí wọ́n gbẹ́ jìn lẹ́yìn náà tí wọ́n sì fà lé Manchester City lọ́wọ́ fún bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni Vivian Chukwuemeka ti Nàìjíríà ti ju irin shot put dé mítà 17.53, tó gba wúrà. Irin tó jù jẹ́ kílò 4, ti ọkùnrin jẹ́ 7.26. Ṣùgbọ́n òbìrípo tí àwọn méjèèjì ń dúró sí kò tóbi ju ara wọn lọ, mítà 2.135, ẹni tó bá sì tẹ ìta rẹ̀, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, asán ló jù. Ní ìdíje Highland lónìí, obìnrin ń sọ pọ́n-ùn 28 níbi tí ọkùnrin ti ń sọ 56, ọwọ́ kan náà ni. Kò sí ohun kan tó já bọ́ lára eré náà nígbà tí obìnrin wọlé.

Ohun tí mo fi ń dá òfin méjì mọ̀ kúrò lára ara wọn nìyẹn. Mo máa ń yọ òfin náà kúrò lọ́kàn mi, kí n wò ó bóyá ohun náà ṣì wà níbẹ̀. Ní mọ́sálásí kan ní ìlú yìí, wọ́n sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé kò sí àyè fún obìnrin níbẹ̀, pé òfin ni. Mo yọ ọ́ wò. Ìrun Súúrì ṣì jẹ́ rákáà mẹ́rin, gábàsì ṣì wà níbi tó wà, àlùwàlá mi kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ àlùwàlá kúrò, kò sí ìrun mọ́. Mo kàn ń tẹ̀ tí mò ń nà ni. Àlùwàlá, mo pa á mọ́ láìbéèrè ìdí. Ti ẹnu ọ̀nà yẹn, mo béèrè ìdí, mo sì ń béèrè títí di òní.

Nínú àwọn òfin káábà, ti kilt ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Ẹni tí kò bá wọ yẹ̀rì Scotland yẹn kò ní fọwọ́ kan káábà. Mo sọ fún bàbá náà pé èyí kò dá eré kankan, ó kàn ń lé àlejò ni, pé igi kò mọ̀ bóyá ṣòkòtò ni wọ́n wọ̀. Ó bínú. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí mo fi kó àwo kúrò. Lọ́jọ́ kejì ló ṣàlàyé pé lẹ́yìn ogun Culloden ní òkè Scotland, ìjọba London ṣòfin lọ́dún 1746 pé ọkùnrin tó bá wọ aṣọ àwọn ará òkè yẹn, ẹ̀wọ̀n ni; ọdún 1782 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́. Nítorí náà, wíwọ̀ ọ́ ní ìtàn, bí ẹmu Ọbàtálá. Síbẹ̀, ìtàn kọ́ ló yí mi lọ́kàn padà. Geoff Capes ni. Ọlọ́pàá ọmọ Lincolnshire ni, Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé, ó tún máa ń sin ẹyẹ ayékòótọ́ kékeré nínú àgò nígbà ayé rẹ̀. Ó wọ kilt, ó wọlé, ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ìdíje Highland lẹ́ẹ̀mẹfà. Ìlẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni lè ṣí bó bá ti wọṣọ, kì í ṣe irú ti mọ́sálásí yẹn. Ní Hájì, aṣọ funfun méjì tí a kò rán ni gbogbo ọkùnrin ń wọ̀, ọba àti awakọ̀. Ó jọ ọ́. Mo gbà fún un, ó kù díẹ̀ kí n gbà tán.

Òfin kan kù tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí káábà bá wúwo tàbí gùn jù, tí gbogbo wọn gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta ẹ̀ẹ̀mẹta tí ẹnikẹ́ni kò lè yí i dà, àwọn adájọ́ a mú ayùn wá, wọn a gé díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ìdíje a sì tẹ̀ síwájú. Wọn kì í gé e fún ẹnì kan. Ẹni tó ń jù ú kò sì gbọdọ̀ gbé ayùn tirẹ̀ wá.

Àlùkùránì ní ayùn tirẹ̀ fún ààwẹ̀: aláìsàn àti arìnrìn-àjò a san án padà lọ́jọ́ mìíràn, arúgbó tí kò lè gbà á a bọ́ tálákà. Ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni wàhálà wà. Nínú oṣù kẹfà, òkùnkùn kì í ṣú tán ní Manchester, ìmọ́lẹ̀ rúsúrúsú a máa rìn létí ọ̀run títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, àwọn mọ́sálásí kò sì fohùn ṣọ̀kan lórí ìgbà tí àfẹ̀mọ́júmọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìwé àkókò kan lè fi ju wákàtí kan lọ ṣáájú òmíràn. Ọmọkùnrin mi, tí mo bí síbí, ní kí a kúkú máa lo àkókò Mẹ́kà, pé àwọn onímọ̀ kan fàyè gba bẹ́ẹ̀ fún ibi tí oòrùn kì í ti wọ̀. Mo ní oòrùn ń wọ̀ ní Manchester, ó kàn ń pẹ́ ni. Ìwọ kò tíì gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta, o ti ń wá ayùn. Ó ní èmi náà ló yan ìwé àkókò tó rọ̀ mí lọ́rùn láàárín méjì, ta ló fún mi láyùn? N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ yẹn. Nínú ilé kan náà, òun tẹ̀ lé ìwé àkókò kejì, ó dáwọ́ oúnjẹ dúró lóru, èmi ṣì ń mu ògì.

Ní báyìí ààwẹ̀ ti sún bọ́ sí ìgbà òtútù, nítorí ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú lọ́dọọdún, ó sì di apá ìparí àwọn ọdún 2040 kó tó tún padà sí oṣù kẹfà. Ọmọ mi ní nígbà náà èmi yóò ti wà lára àwọn tó ń bọ́ tálákà, pé òun nìkan ni yóò kù tí yóò máa bá àwọn lèmọ́ọ̀mù jiyàn ayùn. Mo ní kó kọ́kọ́ gba ti ọdún yìí pé ná, oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà.